Ìkọ́kọrẹ́ lójú fóònù: bí ayélujára ṣe ń sọ àwọn olùfẹ́ oúnjẹ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ di ẹbí

"Ṣé ẹ máa ń fi irú sí ìkọ́kọrẹ́ nílé yín?"

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣe ń kó ènìyàn jọ lórí ayélujára, kí ó kọ ìbéèrè yìí sí ojú òpó Facebook kan tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú pọ̀ sí, kí ó gbé fóònù sílẹ̀, kí ó lọ wẹ̀. Kí ó tó nu ara tán, èsì á ti kún ilẹ̀. Ẹnìkan á ní ìyá òun kò fi irú sí i rí láyé. Ẹlòmíràn á ní ta ló ń se ìkọ́kọrẹ́ láìsí irú. Ẹni kẹta á ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìlú wọn ná, pé ti Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe ti Òde. Ẹni kẹrin á ní orúkọ gan-an ni wọ́n ṣì pè, pé ìfọ́kọrẹ́ ni, kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, àwọn tí kò rí ara wọn rí ti mọ àdúgbò tí wọ́n ti bí ìyá ara wọn. Wọ́n ti mọ ẹni tó ń gbé ní Toronto àti ẹni tó ń tajà ní Òkè-Àjẹ́, ẹnìkan sì ti ṣèlérí pé bí òun bá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun á bá ẹnìkejì ra ẹja bọ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń wo irú àríyànjiyàn yìí, tí èmi náà sì ń dá sí i. Ohun tó dá mi lójú ni pé iyàn kékeré wọ̀nyí ló ń so àwọn olùfẹ́ oúnjẹ pọ̀, ju àwòrán oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn náà, àìsí rẹ̀ sì ń dùn mí. N ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Oúnjẹ wo là ń sọ?

Ewùrà ni wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà kì í ṣe iṣu tí a ń gún. Omi inú rẹ̀ pọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, a sì máa yún ẹni tí kò bá mọ́ra láti rin ín. Wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí, títí yóò fi kúnná tí yóò sì máa fà. Omi ata á ti máa hó lórí iná pẹ̀lú epo pupa, edé, pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ. Wọ́n á wá máa bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní ìṣù kéékèèké, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Níbi ìfisílẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà. Bí ọwọ́ bá tètè kan ìkòkò, tí wọ́n rò ó kí ìṣù tó gbà, gbogbo rẹ̀ á dà rú, ohun tí wọ́n á gbé sílẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí àsáró. Bí wọ́n bá ní sùúrù, ìṣù kan á dúró, òmíràn á yọ́ sínú ọbẹ̀, ẹnu á sì máa bá méjèèjì pàdé.

Ìjẹ̀bú ń fi ẹ̀bà jẹ ẹ́. Ẹ̀bà tútù. Ẹni tí kò bá dàgbà sí ibẹ̀ á ní kí ló dé tí wọ́n fi ẹ̀bà jẹ iṣu, tí ẹ̀bà náà á sì tún tutù. Ẹni tó dàgbà sí ibẹ̀ kò ní lè ṣàlàyé fún un, á kàn ní kó tọ́ ọ wò.

Rẹ́mọ ní tiwọn. Èbìrìpò ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n: kókò tí wọ́n rin, tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata sí, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, tí wọ́n sì sè. Ìkẹ́nnẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọbẹ̀ ayamáṣe ti ṣẹ̀, ọbẹ̀ ata tútù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi epo pupa tí wọ́n yọ́ àti irú sè, tí ó wá bá ìrẹsì Ọ̀fàdà rìn dé gbogbo ibi àríyá ní Èkó. Gàrí Ìjẹ̀bú kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàfihàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ Yorùbá.

Ìdí tí iyàn fi ń rìn jìnnà

Àwọn tó ni ìkànnì wọ̀nyí mọ̀ pé ẹni tó bá ń jiyàn kì í tètè lọ sílé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, Facebook kéde pé òun ti yí ọ̀nà tí òun ń gbà yan ohun tí ènìyàn máa kọ́kọ́ rí padà. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, ẹbí àti gúrúùpù ni yóò máa ṣíwájú, pàápàá èyí tó bá ń mú kí àwọn ènìyàn máa dá ara wọn lóhùn. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún ìkòkò ìkọ́kọrẹ́. Àwòrán tó rẹwà, tí gbogbo ènìyàn tẹ láìkì sí tí wọ́n sì kọjá, á rì. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹnìkan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "Àǹtí, ẹ ti rò ó jù, àsáró lẹ sè yìí," tí ogún ènìyàn sì dìde láti gbèjà alásè, á rìn láti Ṣàgámù dé Houston kí ilẹ̀ tó mọ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní gbangba ayé. Ní ọdún 2014, alásè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, Jamie Oliver, gbé bí òun ṣe ń se jọ̀lọ́ọ̀fù jáde, ó fi tòmátì wẹ́wẹ́, lẹ́mọ́ọ̀nù àti ewé parsley sí i. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gánà àti Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọn kì í yé bá ara wọn jà lórí ta ló ni jọ̀lọ́ọ̀fù, gbé ìjà tiwọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kojú sí ìkòkò rẹ̀. Ìjà ilé ni wọ́n ti ń jà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àlejò dá ọwọ́ lé ìkòkò, wọ́n di ọmọ ìyá kan.

Kì í ṣe ìbínú nìkan ló ń ṣe é. Ní oṣù Kárùn-ún 2023, nígbà tí alásè ọmọ Nàìjíríà nì, Hilda Baci, dúró sídìí iná l'Ékòó láti máa sè láìdáwọ́dúró, tí Guinness World Records sì fọwọ́ sí wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 fún un, àwọn tí kò lè dé ibẹ̀ ń bá a ṣọ́ òru lórí fóònù. Wọ́n ń béèrè bóyá ó ti sinmi, bóyá ó ti jẹun. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ sí ọmọ ẹni ni wọ́n ń sọ sí i, wọn kò sì tọ́ ohunkóhun wò nínú gbogbo ohun tó sè.

Régbérégbé àti gúrúùpù

Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó ara wọn jọ. Àwọn régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ti wà tipẹ́, Awùjalẹ̀ Sikiru Kayode Adetona, tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní oṣù Keje 2025, ló sì gbé e dìde padà tó fi lágbára bó ṣe wà lónìí. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ní Ojúde Ọba, wọ́n á tẹ̀lé ara wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́ láti lọ kí Kábíyèsí. Fóònù ló gbé ọjọ́ náà dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹṣin kò lè dé. Ní oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo ayélujára, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde rí ń béèrè ibi tó wà. Ẹni tó bá sì ti béèrè ìlú kan, kò ní pẹ́ béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀.

Mo fi régbérégbé wé gúrúùpù WhatsApp kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn. Nínú régbérégbé, wọ́n mọ̀ ọ́. Wọ́n mọ ọdún tí wọ́n bí ọ, owó ẹgbẹ́ wà lọ́rùn rẹ, bí o kò bá sì dé ibi òkú ìyá ẹgbẹ́ rẹ, wọ́n á bi ọ́. Gúrúùpù WhatsApp lè gba ènìyàn 1,024 báyìí. Líǹkì ni wọ́n fi ń wọlé, ẹni tí inú bá sì bí á jáde láìdágbére. Báwo ni irú ibẹ̀ ṣe wá ń di ilé fún ènìyàn?

Oúnjẹ ló ń ṣe é, nítorí oúnjẹ ní ohun tí ènìyàn kò lè parọ́ rẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ ṣeé rà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ pé ẹ̀bà gbígbóná tó ń yọ èéfín ni wọ́n fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ nílé wọn, gbogbo ilé á yíjú wò ó. Bí ẹlòmíràn bá sì sọ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ń dùn jù, nígbà tó ti dì mọ́ ìdí ìkòkò, wọ́n á kí i káàbọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ń retí. Ìmọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ni ilà ojú wọn.

Ewùrà tó ní àwọ̀ àlùkò

Àwọn tó wà lókè òkun ni ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Ewùrà kì í wà ní gbogbo ọjà, àwọn mìíràn sì ti fi ọ̀dùnkún gbìyànjú rẹ̀, wọ́n ní kò bọ́ sí i. Ìdáhùn tó dára jù tí mo ti rí nínú irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń wá ewùrà lọ sí ilé ìtajà àwọn ará Philippines, kó béèrè ube.

Ube yìí ni ohun aláwọ̀ àlùkò tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi àwòrán rẹ̀ kún Instagram, tí wọ́n fi ń ṣe áísì kíríìmù àti kéèkì. Ewùrà ni. Irúgbìn kan náà ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Dioscorea alata*, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n máa ń rin ín, wọ́n á sọ ọ́ di yìnyín sínú ọ̀rá, wọ́n á sì tà á bẹ́ẹ̀, kò ní yún ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n bá fi sè kò ní pọ́n bí tilé. Ṣùgbọ́n yóò fà, yóò sì dì bí ó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí. Ewùrà aláwọ̀ àlùkò di ìlúmọ̀ọ́ká ní gbogbo ayé nítorí pé ó dára lójú fóònù. Tiwa, tó dà bí wàrà kí epo tó kàn án, ń fara pamọ́ sínú ìkòkò. Ìkọ́kọrẹ́ kì í rẹwà nínú àwòrán, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó pọ́n, ó ṣù, kò ní ìrísí kan pàtó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àwòrán kọ́ ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwọn tó ń fi agídí sọ pé "báyìí làwọn baba wa ṣe ń jẹ ẹ́" gbà rò. Apá Éṣíà àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì ni ewùrà ti wá sí ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí ti wá, àwọn Pọtogí ló sì gbé e dé etíkun wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni ata ti wá. Àwọn ìyá wa gba àlejò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílé, wọ́n sè wọ́n pọ̀, wọ́n sì sọ wọ́n di Ìjẹ̀bú. Nítorí náà, bí ọmọ wa kan bá fi ube sè é ní ìlú òyìnbó, mo rò pé ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyí ṣe lòun náà ń ṣe.

Ahọ́n kò sí nínú fóònù

Ibi tí gbogbo èyí ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtọ́wò, gàrí ló sì ń fi í hàn jù. Ohun mẹ́ta la fi ń mọ gàrí Ìjẹ̀bú: ó kúnná, ó gbẹ, ó kan. Kíkan yẹn ni iṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, tó sábà máa ń pẹ́ ju ti ibòmíràn lọ, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́ kí wọ́n sì yan án. Kì í ṣe ẹnu nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ̀gẹ́ ní ohun kan nínú tó lè di májèlé sàyánáìdì. Rírin, kíkan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan ló ń lé e lọ. Ẹni tó bá kánjú gé ọjọ́ kúrò nínú iṣẹ́ gàrí kò kàn ba adùn jẹ́.

Fóònù kò lè fi kíkan hàn. Mo ti ra "ojúlówó gàrí Ìjẹ̀bú" rí lọ́wọ́ ẹnìkan lórí Instagram. Fídíò rẹ̀ dára: ife dígí, omi tútù, ẹ̀pà, ṣúgà, gàrí tó funfun báláú. Èyí tó dé ilé mi kò kan rárá, ó sì ti ń di mọ́ra nínú ọ̀rá nítorí pé kò gbẹ dáadáa. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sí gúrúùpù wa láìdárúkọ. Kí n tó sun lóru ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kan tí n kò bá pàdé rí ní Àgọ́-Ìwòyè ti kọ̀wé sí mi pé kí n fi àdírẹ́sì mi ránṣẹ́, òun á bá mi ra kóńgò méjì lọ́wọ́ ẹni tí òun mọ̀. Ó rà á. Ó kan dé etí.

Bí ìgbẹ́kẹ̀lé ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú irú ẹgbẹ́ yìí nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè tọ́ gàrí wò láti inú fóònù, nítorí náà a ń yá ahọ́n ara wa lò. Ẹni tó bá ti sọ òótọ́ nípa oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di òṣùwọ̀n fún àwọn tó kù.

Ẹni tí kì í sí níbẹ̀

Wàyí o, obìnrin tó ń yan gàrí náà ń kọ́? Ó wà nídìí agbada láti àárọ̀, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró, kí gàrí má baà jóná. Òun ló mọ ìgbà tí ẹ̀gẹ́ kan tó. Kò fi aago mọ̀ ọ́n, òórùn ló fi ń mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo iyàn tí mo ti sọ láti òkè, lórí irú àti lórí orúkọ, kò sí ohùn tirẹ̀ níbẹ̀.

Owó wà lára ohun tó fà á. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fún àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láṣẹ láti fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ẹni tó ń ta gàrí ní kóńgò-kóńgò kò ní fi èrè ọjọ́ kan ra dátà kó lè wo bí ẹlòmíràn ṣe ń mu gàrí. Àwọn Yorùbá ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní, àjọsọ náà kò yàtọ̀.

Èdè àti òṣùwọ̀n náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ púpọ̀ nínú ọ̀nà ìsè, pẹ̀lú ife méjì àti ṣíbí mẹ́ta. Ìyá tó sè é fún ogójì ọdún kò fi ife wọn nǹkan kan rí. Á ní bu epo sí i títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Á ní bu ewùrà ní ìṣù tí ọmọdé lè gbé mì. Bí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ife, ohun púpọ̀ ti dà nù lójú ọ̀nà. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù nìyí: ọ̀nà kan tó bá kọ́kọ́ rìn jìnnà lórí ayélujára á wá di òfin, wọ́n á sì máa fi bá ti ilé yòókù wí. Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Ìpẹru, Ìlíṣàn, gbogbo wọn ní ọwọ́ tiwọn.

Síbẹ̀, irinṣẹ́ kan wà nínú fóònù kan náà tó lè mú obìnrin yìí wọlé. Láti ọdún 2013 ni WhatsApp ti jẹ́ kí ènìyàn lè gba ohùn sílẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́. Kò bèèrè pé kí ènìyàn mọ̀wé, kò bèèrè àmì lórí ọ̀rọ̀, ẹ̀ka èdè ẹni ni ènìyàn á fi sọ ọ́. Kì í sì í jẹ dátà tó fídíò. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ẹnu ìyá àgbà kan ní iye lójú mi ju ọgọ́rùn-ún àwòrán lọ, bí a bá fi í pamọ́ síbi tí kò ti ní sọnù. Ohun tí a fi sí status, lẹ́yìn wákàtí 24, ó ti lọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé fóònù lọ bá ìyá mi àgbà nínú ilé ìdáná. Gúrúùpù wa ti fi ọjọ́ méjì jiyàn lórí ìgbà tó yẹ kí wọ́n ro ìkọ́kọrẹ́. Mo ní kí wọ́n bá wa dá sí i. Wọ́n kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n kàn kọjú sí fóònù bí ẹni pé ènìyàn ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní: "Ẹ má rò ó o. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pariwo yẹn? Bó bá ti dákẹ́, ẹ wá rò ó." Ìkòkò náà ń hó lẹ́yìn ohùn wọn, gbogbo wa sì gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ohùn tiwọn ránṣẹ́ padà láti dúpẹ́, láti Manchester, láti Ìkòròdú, láti Òde-Rẹ́mọ. Mo fi wọ́n sétí Ìyá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n nu ọwọ́ wọn nínú ìró, wọ́n sì ní kí n bá àwọn béèrè ohun kan.

"Ọmọ ta ni wọ́n?"

Mo tẹ ìbéèrè náà síbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Títí di ọ̀gànjọ́ òru ni àwọn ènìyàn ń dáhùn, wọ́n ń dárúkọ ìyá wọn, wọ́n ń dárúkọ agbolé.